Ìgúnpá Ọ̀gá Òǹtẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí Ọ̀gá Òǹtẹ̀ ṣe ga tó, ẹ má bi òun fúnra rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ìṣáájú nìkan yóò gbà yín ní wákàtí kan. Ẹ má bi akọ̀wé rẹ̀ náà, torí akọ̀wé yóò ní òun kò tíì rí orí ọ̀gá òun rí, pé ìkùukùu ló bò ó. Èmi ni kí ẹ bi. Mo mọ ọkùnrin náà, mo mọ ilé tó ń gbé, mo sì mọ ilé ìdáná tó gbé e ṣubú. N ó sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí, iyọ̀ tí n ó fi sí i kò sì ní ju bó ti yẹ lọ.

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fúnni níwèé àṣẹ ni ó ti jẹ́ ọ̀gá. Ẹni tó fẹ́ tún ilé ṣe, ẹni tó fẹ́ yọ fèrèsé, ẹni tó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́ ọwọ́, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ dé iwájú rẹ̀. Bí kò bá tíì tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé wọn, ìwé náà kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà. Òǹtẹ̀ ọ̀hún kò tóbi ju ìkúùkù ọmọdé lọ, ṣùgbọ́n orí tìmùtìmù pupa ni akọ̀wé máa ń gbé e lé, á fi ọwọ́ méjèèjì gbé e tẹ̀ lé ọ̀gá lẹ́yìn bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Bí wọ́n bá ti wọlé láàárọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ á dìde fùú, wọn á ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Ọ̀gá! Ẹ tún ga sí i lónìí!"

Ẹ má rò pé yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Ìkíni ọ́fíìsì náà nìyẹn, ẹni tí kò bá kí i kò ní gba ìsinmi lọ́dún náà.

Kí a má tan ara wa jẹ, ọkùnrin náà kúrú. Kíkúrú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, mo mọ èèyàn kúkúrú tí iyì rẹ̀ kún ilé. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Òǹtẹ̀ kò gbà fún Ẹlẹ́dàá. Ó ní oníbàtà kan tó ń ṣe bàtà fún un, gíga ìsàlẹ̀ bàtà náà tó ìka mẹ́jọ. Ó ní aránṣọ kan tó ń rán ṣòkòtò tó gùn dé ilẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rí bàtà náà. Inú yàrá, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn, tí wọ́n sì fa aṣọ fèrèsé, ni ó ti ń bọ́ wọn, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló sì mọ iye tó máa ń kù.

Àní lọ́dún kan, ó ní àwọn tó ń wá gba ìwé àṣẹ ń jókòó ga jù níwájú òun. Ó pe gbẹ́nàgbẹ́nà kan, obìnrin tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, pé kó gé ẹsẹ̀ àga àlejò, gbogbo méjèèjìlá. Obìnrin náà wo àga, ó wo ọ̀gá. Ó gé wọn, ó gbálẹ̀, ó sì kó gbogbo gígé náà, méjìdínláàádọ́ta, sínú àpò lọ sílé. Gbẹ́nàgbẹ́nà kì í ju igi nù.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ilé. Ilé tí Ọ̀gá Òǹtẹ̀ ń pè ní "ilé mi," bàbá ìyàwó rẹ̀ ló kọ́ ọ, ó ti tó àádọ́rin ọdún. Ilé pẹrẹsẹ ni, òrùlé rẹ̀ rẹlẹ̀ ó sì fẹ̀, fèrèsé rẹ̀ gùn láti igun dé igun, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ tẹrásò tó ń dán bí ẹyin ojú. Ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn ni wọ́n fi ọkàn sí nígbà tí wọ́n ń kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, wọn kò bá ẹnikẹ́ni ṣe fáàrí. Ilé ìdáná ibẹ̀ kékeré ni, wọ́n sì ṣe pẹpẹ rẹ̀ mọ ìwọ̀n ìyá ìyàwó Ọ̀gá Òǹtẹ̀, ẹni kúkúrú. Ọmọ tó bí wá jọ bàbá, ó ga lọ bí ọ̀pẹ. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni obìnrin yìí fi tẹ̀ sórí pẹpẹ ìyá rẹ̀ gé àlùbọ́sà, tó ń fọ abọ́, tó ń fi omi gbígbóná tẹ ìbàdí lálẹ́. Tó bá sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ẹ̀yìn ń dun òun, ọkọ á ní, "Kọ ìwé béèrè, n ó gbé e yẹ̀ wò."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù sì tẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ikán ti jẹ inú igi tán. Bí ikán ṣe ṣe ohun tí ọkọ kò ṣe nìyẹn. Obìnrin náà kò kọ ìwé sí ẹnikẹ́ni, gbẹ́nàgbẹ́nà ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ránṣẹ́ pè.

Gbẹ́nàgbẹ́nà dé, kò fọwọ́ kan tépù. Ó jókòó sórí àpótí, ó ní kí ìyàwó ilé máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ń wò ó bó ṣe ń din ẹyin, bó ṣe ń yí síhìn-ín, bó ṣe ń na ọwọ́ sọ́hùn-ún.

"Níbo lẹ máa ń gbé ìkòkò gbígbóná sí, mà, tí wọ́n bá kanlẹ̀kùn lójijì?"

"Orí ilẹ̀ ni o."

"Kí lẹ máa ń wò tí ẹ bá ń fọ abọ́?"

"Géètì. Bàbá mi ló fi fèrèsé yẹn síbẹ̀, kí ìyá mi lè máa rí ẹni tó ń bọ̀."

"Kò sí kọ́bọ́ọ̀dù tó máa bo fèrèsé yẹn nígbà náà." Ó yọ pẹ́ńsù létí rẹ̀, ó sì fa ọ̀pá gígùn kan jáde, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti fá kó dán. Bó ṣe kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ nìyẹn: orí ọ̀pá kan ṣoṣo ni yóò fa ìlà gbogbo ilé ìdáná sí, bó ṣe ga gan-an, pẹpẹ, fèrèsé, àpótí tí à ń fà jáde. "Nọ́ńbà tépù, èèyàn lè ṣì í kọ. Ọ̀pá kì í gbàgbé. Ẹ bọ́ sílíípáàsì yín, mà, ẹ ká apá báyìí bí ẹni fẹ́ gé nǹkan."

Ó gbé ọ̀pá nàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wọn àtẹ́lẹwọ́ kan sísàlẹ̀ láti ìgúnpá, ó sì fa ìlà. Ibẹ̀ ni pẹpẹ yóò dé. Ìyàwó ilé fọwọ́ kan ìlà náà, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni Ọ̀gá Òǹtẹ̀ já wọlé, pẹ̀lú akọ̀wé àti tìmùtìmù lẹ́yìn.

"Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú kíṣìnnì mi?"

"Wọ́n ń wọn ìgúnpá mi ni," ìyàwó rẹ̀ dáhùn.

"Ìgúnpá tìrẹ? Ta ni olórí ilé yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Ọ̀gá!" Akọ̀wé nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò bi í.

"Sà," ni gbẹ́nàgbẹ́nà wí, "bí aṣọ ni kíṣìnnì rí, ara ẹni tó máa wọ̀ ọ́ la fi ń rán an. Ṣé ẹ máa ń dáná ni?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá a dáhùn. Ìgbà kan ṣoṣo ló dáná láyé rẹ̀. Omi lásán ló fẹ́ sè, omi náà sì jóná. Ẹ má bi mí bí omi ṣe ń jóná, ẹ lọ wo ìdí ìkòkò náà.

"Olórí kì í wọ ilé ìdáná," ó ké, ó gbé ọwọ́ kan sókè bí ẹni tó wà níwájú ẹgbẹ̀rún èèyàn, "ilé ìdáná ló ń wọ inú ìtàn olórí!" Akọ̀wé gbé tìmùtìmù sápá kan, ó yọ ìwé, ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Ilé mi ni, kíṣìnnì mi ni, ìgúnpá tèmi ni kí o wọ̀n!"

"Kò burú, sà. Ẹ bọ́ bàtà yín."

Akọ̀wé bojú wo òkè àjà.

"Bàtà wo?"

"Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ yín, sà. Ẹsẹ̀ lásán la fi ń wọn pẹpẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní bá yín mu."

"Olórí tó bọ́ bàtà ti bọ́ sílẹ̀ lórí oyè! Bí mo ṣe rí yìí ni kí o wọ̀n mí."

Gbẹ́nàgbẹ́nà kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan, ó kìlọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà tó fẹ́ ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni ọ̀gá ti ká apá, tó ti gbé àgbọ̀n sókè. Gbẹ́nàgbẹ́nà bá gbé ọ̀pá nàró, ó wọn àtẹ́lẹwọ́ kan sísàlẹ̀, ó sì fẹ́ fa ìlà. Ó dúró. Ó wo ọ̀pá náà dáadáa. Ìyàwó ilé náà tẹ̀ wò ó. Ojú àwọn obìnrin méjèèjì pàdé, ìyàwó ilé tó ti ń fajú ro láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ wọlé wá di ẹni pẹ̀lẹ́ bí àdàbà.

"Ohun tí bàálé mi bá sọ labẹ gé," ó ní. "Ẹ fi síbẹ̀."

Gbẹ́nàgbẹ́nà wúkọ́ díẹ̀. "Kó má baà di àríyànjiyàn lọ́la, sà, ẹ bá wa tẹ òǹtẹ̀ sí i."

Ta ló tún fẹ́ bẹ Ọ̀gá Òǹtẹ̀ kó tẹ òǹtẹ̀? Ìbá tẹ̀ ẹ́ sí iwájú orí akọ̀wé bí wọ́n bá ní kó tẹ̀ ẹ́. Ó gbé e lórí tìmùtìmù, ó fi èémí gbígbóná fẹ́ ẹ, ó sì lù ú mọ́ ọ̀pá náà gbàà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, pẹ̀lú déètì. Ó wá ní òun fẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù kékeré kan tó ní kọ́kọ́rọ́, tí òǹtẹ̀ yóò máa sùn sí. Wọ́n ní yóò rí i.

Oṣù méjì ni iṣẹ́ náà gbà. Igi pupa tó le ni gbẹ́nàgbẹ́nà lò, ó fá a títí ó fi ń tàn bí oyin. Kò fi ìṣó kan ṣoṣo sí ibi tí ojú lè rí. Àpótí ọ̀bẹ wà lápá ọ̀tún nítorí ọ̀tún ni ìyàwó ilé fi ń gé nǹkan, àyè ìkòkò gbígbóná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, fèrèsé bàbá sì wà gbayawu bó ṣe wà. Lọ́jọ́ tó parí, Ọ̀gá Òǹtẹ̀ wọlé pẹ̀lú bàtà rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé pẹpẹ. Ó bá a mu régí. Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀.

"Ohun tó bá olórí mu," ó sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ta ni kò ní bá mu?"

"Kò sí, Ọ̀gá!" ni akọ̀wé wí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ibi tí wèrè ti ń bọ̀ nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òfin ti jáde: láti òní lọ, gbogbo pẹpẹ ìdáná tó wà ní ìlú gbọ́dọ̀ ga dé ibi tí ìgúnpá Ọ̀gá dé. Òfin Gíga Kan Ṣoṣo ni wọ́n pè é. Àwọn òṣìṣẹ́ gé igi mọ ìwọ̀n náà, wọ́n ń gbé e kiri láti ilé dé ilé, ẹni tí pẹpẹ rẹ̀ bá rẹlẹ̀, wọ́n á fi ọ̀dà pupa kọ àmì sí ilẹ̀kùn rẹ̀. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í to búlọ́ọ̀kù sábẹ́ pẹpẹ. Bàbá kan tó ń ṣe búrẹ́dì ń po ìyẹ̀fun pẹ̀lú àgbọ̀n lórí pẹpẹ, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú. Ìyá àgbà kan tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù gbẹ́nàgbẹ́nà gun agolo ọ̀dà méjì kó tó lè yí ọbẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, agolo kan yẹ̀, ìyá ṣubú, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí bọ́ọ̀lù.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ló gbé e dìde. Inú rẹ̀ bàjẹ́ gidigidi, kò sì lè wo ojú ìyá náà.

Ọ̀gá Òǹtẹ̀ ránṣẹ́ pè é lọ́jọ́ náà gan-an. Obìnrin náà jókòó sórí ọ̀kan nínú àga tó gé lẹ́sẹ̀, orúnkún rẹ̀ sì fẹ́ kan àgbọ̀n. Ọ̀gá fa ìwé kan jáde láti inú tábìlì. Ìwé àṣẹ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni, èyí tó fẹ́ parí lópin oṣù. Ṣọ́ọ̀bù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un nìyẹn, ibẹ̀ ni òun àti àwọn oníṣẹ́ mẹ́ta ti ń jẹun.

"Ọ̀gá Pátápátá ń bọ̀ láti olú ìlú wá ṣí kíṣìnnì mi. Bí òfin mi bá dùn mọ́ ọn, yóò mú un kárí gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìwọ yóò dìde níwájú rẹ̀, wàá sọ pé ìwọ̀n yìí ló tọ́ fún gbogbo ènìyàn. Bí o bá sọ ọ́, n ó tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé yìí. Bí o kò bá sọ ọ́, wàá ti ṣọ́ọ̀bù rẹ, kí o lọ máa fi ayùn ya irun."

Ilé ìdáná tuntun ni gbẹ́nàgbẹ́nà gbà lọ láti ibẹ̀. Ìyàwó ilé ń gé tòmátò lórí pẹpẹ, ó nàró ṣánṣán.

"Mà, ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ẹ̀rín," ó ní. "Lọ́jọ́ tí mo wọ̀n wọ́n, mo rí ohun tí mo rí, mo dákẹ́. Mo ní ẹ̀yìn yín á sàn, a ó sì rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó máa di òfin. Ìyá àgbà ti ṣubú."

Ìyàwó ilé gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ẹ̀bi tèmi náà ni. Ẹ̀yìn mi sàn, ẹsẹ̀ ìyá wá wú." Ó nu ọwọ́, ó sì wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. "Bàbá mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ bàtà lórí tẹrásò yìí. Ìgbà tí mo lọ́kọ ni àṣà yẹn yẹ̀, nítorí ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ bá mi kan pẹpẹ bàtà kan sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ibi tí ojú àlejò máa kọ́kọ́ bọ́ sí. Ilẹ̀, èmi fúnra mi ni n ó nù ún."

Ọjọ́ ìṣíṣí pé. Àwọn oníwèé ìròyìn dé, àwọn òṣìṣẹ́ dé, wọ́n gbé ìyá àgbà náà dé lórí àga. Ọ̀gá Pátápátá jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan, tín-ínrín, tí ohùn rẹ̀ kò ròkè. Ọ̀gá Òǹtẹ̀ kó wọn jọ sí pálọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀.

"Ọ̀gá Pátápátá, ẹ̀yin èèyàn pàtàkì! Kí ni ìlú? Ilé ni! Kí ni ilé? Ilé ìdáná ni! Kí ni ilé ìdáná? Pẹpẹ ni! Kí wá ni pẹpẹ?" Ó dúró kí wọ́n lè ronú. "Ìgúnpá mi ni!"

Àtẹ́wọ́ sọ gbàà, akọ̀wé ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà gbà, mo sì dín in kù fún yín nítorí mo fẹ́ràn yín. Ní ìparí, ó ní òun yóò fi ọwọ́ ara òun gé àlùbọ́sà lórí pẹpẹ náà, kí gbogbo ayé rí olórí tó mọ iṣẹ́.

Wọ́n bá gba ọ̀nà kíṣìnnì. Ọ̀gá Pátápátá ló ṣáájú. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó rí pẹpẹ bàtà, ó rí ilẹ̀ tó ń dán.

"Háà, ẹ ò rí ilẹ̀!" ó ní. "Irú èyí gan-an ni ìyá mi máa ń nù. Kò sẹ́ni tó máa gbé bàtà gùn ún." Ó tẹ̀, ó bọ́ bàtà. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti já níwájú, àtàǹpàkò ń yọjú wo àwọn èèyàn, kò sì bìkítà. Gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà bọ́ bàtà. Ọ̀gá Òǹtẹ̀ nìkan ló kù lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé ẹsẹ̀ ń dùn yín ni?" Ọ̀gá Pátápátá bi í.

"Rárá, sà... afẹ́fẹ́... dókítà ní..."

"Ẹ bọ́ ọ, ẹ wọlé. Ilé yín kọ́ ni?"

Ta ni yóò wọ bàtà níwájú ọ̀gá tó ti bọ́ tirẹ̀? Ọ̀gá Òǹtẹ̀ bọ́ ti ọ̀tún, ó sì fì sápá kan bí tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Ó bọ́ ti òsì, ó lọ sílẹ̀ wọ̀ọ̀. Ṣòkòtò rẹ̀ ká jọ sílẹ̀ yí i ká. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ti ń wo àgbọ̀n rẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá wá ń wo àtàrí rẹ̀. Akọ̀wé, tí ẹnu rẹ̀ ti mọ́ ọn lára, ló fọhùn.

"Ẹ tún ga sí i lónìí, Ọ̀gá!"

Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó tún lè dá a dúró.

Ọ̀gá Òǹtẹ̀ wọ́ ṣòkòtò dé ìdí pẹpẹ. Àyà rẹ̀ ni pẹpẹ náà dé. Ó gbé ọ̀bẹ, ìgúnpá rẹ̀ méjèèjì sì gòkè dé etí bí apá adìẹ tó fẹ́ fò. Ó gé àlùbọ́sà, àlùbọ́sà yí, ó bọ́ sílẹ̀, ó rọra lọ dúró síwájú àtàǹpàkò Ọ̀gá Pátápátá. Omi ń dà lójú ọkùnrin náà, bóyá àlùbọ́sà ni, bóyá kì í ṣe àlùbọ́sà.

"Obìnrin yìí ló bà á jẹ́!" ó pariwo, ó na ọ̀bẹ sí gbẹ́nàgbẹ́nà. "Kò mọ ìwọ̀n! Ẹ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa! Ẹ fa ìwé rẹ̀ ya lónìí!"

Ẹ̀rín dá. Ọ̀gá Pátápátá yíjú sí gbẹ́nàgbẹ́nà. "Kí lẹ rí sọ sí i?"

Obìnrin náà lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó mú ọ̀pá rẹ̀ jáde. "Èyí ni mo fi ṣiṣẹ́, sà. Ẹ wo òǹtẹ̀ wọn lára rẹ̀, ẹ wo déètì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wọn ọ̀gá wa bí wọ́n ṣe wà báyìí." Ó gbé ọ̀pá nàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gá Òǹtẹ̀, ó fa ìlà tuntun nísàlẹ̀ ti àkọ́kọ́. Ó wá gbé bàtà kan kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀ sáàárín ìlà méjèèjì. Ó wọ ibẹ̀ ṣe wẹ́kú.

"Ohun tó wà láàárín wọn nìyí, sà. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n bọ́ ọ."

Ọ̀gá Pátápátá gba bàtà náà, ó yí i lọ́wọ́, ó gbé e wò bóyá ó wúwo. "Ẹ fẹ́ sọ fún mi pé bàtà yìí ni wọ́n fi ń wọn gbogbo ìlú?"

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a, àwọn àgbà kò sì sọ bóyá òótọ́ yóò wọ bàtà lọ́jọ́ náà.

"Èmi náà jẹ̀bi, sà," ni gbẹ́nàgbẹ́nà wí. "Ìlà kan ti wà lórí ọ̀pá yìí kí n tó wọn ọ̀gá. Tiwọn bọ́ sórí rẹ̀ gan-an. Mo rí i, mo dákẹ́, ẹ̀yìn ẹni kan ni mo rò. Mi ò rò ti ẹsẹ̀ ìyá yìí."

"Ìlà ta ni?"

Ìyàwó ilé rìn lọ sídìí pẹpẹ lẹ́sẹ̀ lásán, ó mú àlùbọ́sà mìíràn, ó mú ọ̀bẹ. Ẹ̀yìn rẹ̀ nàró, ìgúnpá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀sẹ̀, ọ̀bẹ ń sọ kẹ́kẹ́kẹ́ lórí igi. Ó gé e tán láìwo ọwọ́, géètì ló ń wò.

"Ta ló ni ilé yìí gan-an?" Ọ̀gá Pátápátá bi í.

"Ilé bàbá mi ni, sà."

Akọ̀wé la ẹnu láti sọ pé "Ẹ̀yin ni, Ọ̀gá," ó tún ẹnu náà pa dé.

Ọ̀gá Pátápátá ní kí wọ́n mú ìwé àṣẹ gbẹ́nàgbẹ́nà wá, kí wọ́n sì gbé òǹtẹ̀ wá pẹ̀lú. Kó tó wí tán, tìmùtìmù pupa ti wà níwájú rẹ̀, akọ̀wé sì ti tẹrí ba. Ó ń wá ohun tí yóò fi kí ọ̀gá tuntun, ó wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀. "Ọ̀gá," ó ní, "ẹ tún tín-ínrín sí i lónìí!"

Orí pẹpẹ tuntun ni wọ́n ti tẹ òǹtẹ̀ náà. "Ẹ ní ìwé àṣẹ yín," Ọ̀gá Pátápátá sọ fún gbẹ́nàgbẹ́nà, "ẹ sì ní ẹ̀bi yín. Gbogbo pẹpẹ tí wọ́n gbé sókè, ẹ ó bá wọn dá a padà mọ ìgúnpá ẹni tó ni ín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìyá yìí." Ó ní kò sí ẹjọ́ tó tọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbé òǹtẹ̀ sápò, ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ.

Wọ́n gbé Ọ̀gá Òǹtẹ̀ lọ sí yàrá ẹrù lẹ́yìn ọ́fíìsì, ibi tí yóò ti máa ka àga. Àga àlejò méjìlá náà ló kọ́kọ́ bá níbẹ̀, kò sì rí òmíràn jókòó sí.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó yọjú sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Òun nìkan ló wá. Gbẹ́nàgbẹ́nà ń fá igi, ó dáwọ́ dúró.

"Ẹ káàsán, sà."

"Káàsán o." Ó wo ilẹ̀. "Ìyàwó mi ní... ó ní ẹni tó fi òǹtẹ̀ gba pẹpẹ náà ni yóò máa fọ abọ́ níbẹ̀. Ọwọ́ mi ò dé inú omi. Ṣé wàá... ṣé ẹ lè bá mi kan àpótí tí n ó máa dúró lé?"

Gbẹ́nàgbẹ́nà mú ọ̀pá. Kó tó sọ̀rọ̀, ọkùnrin náà ti tẹ̀, ó ti ń tú okùn bàtà rẹ̀. Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ó dúró lẹ́sẹ̀ lásán lórí eruku igi, ó ká apá, obìnrin náà sì fa ìlà.

Ó lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó gbé àpò kan dé. Igi kéékèèké ló kún inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ gùn dọ́gba, ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti wà níbẹ̀. Ó ka mẹ́rin síta. Ọkùnrin náà mú ọ̀kan, ó yí i wò, ó sì mọ̀ ọ́n.

"Ẹsẹ̀ àga àlejò mi nìyí," ó ní.

"Òun ni, sà. Ó máa gbé yín dáadáa."